Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Ọmú òsì Sàídátù ni Rótìmí mu dàgbà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé wọn ní Ìsúndúnrìn. Nígbà tí Kùdírátù, àbúrò Sàídátù, bí ọmọ náà, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì gbáko, omi ọmú rẹ̀ sì gbẹ. Sàídátù alára ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Nùsírátù ni, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ló bá gbé ọmọ àbúrò rẹ̀ sí ọmú òsì, ó gbé tirẹ̀ sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe títí ó fi já àwọn méjèèjì lẹ́nu ọmú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Kùdírátù àti Dúrójaiyé ọkọ rẹ̀ fi kó lọ sí Àbíjàn, bí ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe, wọ́n sì fi Rótìmí sílẹ̀ fún ìyá tó fún un lọ́mú. Mùsùlùmí ni Sàídátù, Kìrìsìtẹ́nì ni bàbá ọmọ. Sàídátù kò torí ìyẹn yí orúkọ ọmọ padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, yóò wẹ̀ fún un, yóò fi òróró pa á lára, yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó padà sídìí agbada gààrí rẹ̀.

Ọmọ náà mọ̀wé ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìdí gààrí yìí náà ni Sàídátù ti tọ́ ọ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó gboyè tán, kò kúrò níbẹ̀. Ó gba oyè kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n fi ń di ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ irin ló ń ṣe ní láàbù wọn. Tó bá wálé, á máa ṣàlàyé rẹ̀ fún Sàídátù. Ó ní irin tí àwọn ń ṣe kì í ṣe èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Ẹ̀rún ni, ó kéré débi pé ojú kò lè rí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sórí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan kí àyè ṣì kù. Wọn á pò ó mọ́ omi, wọn á fà á sí ara ẹni tó ní jẹjẹrẹ, òòfà yóò sì dá a dúró síbi tí àrùn náà wà. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara yóò rí ibẹ̀ kedere. Wọ́n tún lè mú irin náà gbóná níbẹ̀ títí àrùn yóò fi kú, tí ara yòókù kò ní mọ nǹkan kan. Nígbà kan, ó yọ òòfà kúrò lára rédíò tó ti bàjẹ́, ó fà á gba inú yanrìn àgbàlá, ó sì gbé e sókè pẹ̀lú irùngbọ̀n dúdú tó rọ̀ mọ́ ọn.

“Ẹ wò ó, Màámi,” ó ní, “kò mú yanrìn. Irin nìkan ló mú.”

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Sàídátù fi sọ fún gbogbo ẹni tó wá ra gààrí pé ọmọ òun yóò fi òòfà wo jẹjẹrẹ sàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, níbi tó ti ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá kókó kan. Ọmú òsì náà ni. Kò dùn ún, kò sì tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì bọ́ sọ́wọ́ dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Hadassah, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó sọ ọ́ fún un láìfi bò: jẹjẹrẹ ni, àmọ́ ó tètè wá. Tí wọ́n bá yọ kókó náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì lo oògùn lẹ́yìn rẹ̀, ọmú náà kò ní lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe Rótìmí lórí fóònù. Kò pe Nùsírátù. Nùsírátù ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Ẹ̀jìgbò, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Sàídátù kò fẹ́ kó ẹ̀dùn ọkàn bá a.

Ọjọ́ kejì ni Rótìmí dé. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kàn yín. Ohun tí mo ti ń kọ́ láti ọdún méje, àrùn yìí gan-an ló wà fún.”

Sàídátù bi í bóyá wọ́n ti lò ó fún èèyàn rí. Ó ní wọ́n ń lò ó lókè òkun, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn náà sì ti fún òun láṣẹ láti fi tọ́jú èèyàn díẹ̀, orí ló ṣe é fún un pé ó bọ́ sí àkókò náà. Ó ní kó má tíì sọ fún Nùsírátù nítorí oyún, kó má sì sọ fún àwọn ti ilé ìwòsàn, nítorí àwọn oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ ohunkóhun tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Sàídátù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni èèyàn yóò gbẹ́kẹ̀ lé, tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ tó mu ọmú rẹ̀?

Ìwé olójú méjì kan wà tó ní kó fọwọ́ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Sàídátù ń ka Yorùbá dáadáa, ó sì ń ka Kùránì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ò yé e. Rótìmí kà á fún un ní Yorùbá: ó ní ìwé náà sọ pé òun yóò tọ́jú rẹ̀, pé Sàídátù gbà bẹ́ẹ̀, àti pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde síta. Sàídátù tẹ̀ka sí i. Rótìmí fún un ní ẹ̀dà kan, Sàídátù sì tì í sínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ló wọkọ̀ lọ bá a. Rótìmí á wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, á gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ á pa lọ́lọ́. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kí wọ́n tó dé láàbù, níbi tí eku funfun wà nínú àgò, tí wọ́n ń nu imú wọn. Omi oògùn náà dúdú bí àdín. Yóò fà á sínú abẹ́rẹ́, yóò gún un sí ẹ̀gbẹ́ kókó náà, yóò sì ní kó sún mọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi wáyà bàbà wé roboto. Ẹ̀rọ á máa kùn, inú ọmú á sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìgbà kẹta, ó jó o. Sàídátù ti ìborùn bọ ẹnu, ó sì deyín mọ́ ọn kó má baà ké. Rótìmí pa ẹ̀rọ náà, ó ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi okùn wọn kókó náà, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fi òòfà pẹlẹbẹ kan sínú aṣọ fún un pé kó máa so ó mọ́ abẹ́ ọmú nílé. Sàídátù ń so ó. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Rótìmí ní àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn pè é lórí fóònù láti bi í ìdí tí kò fi wá. Ohun tí Rótìmí kọ́ ọ ló sọ: ó ní òun ti rìnrìn-àjò lọ sí Àbíjàn.

Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kókó náà ti tó ẹyin adìyẹ, òmíràn sì ti yọ ní abíyá. Ó pe Rótìmí. Rótìmí ní kó ní sùúrù, ara ló ń bá oògùn jà. Ó tún pè é ní ọ̀sẹ̀ kejì, Rótìmí ní òun ń múra ìpàdé kan ní Àbújá, níbi tí òun yóò ti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ òun fún àwọn àgbààgbà. Ìgbà kẹta tó pè, kò gbé e.

Nùsírátù ti bímọ nígbà yẹn. Sàídátù sọ fún un pé òun ní kókó lọ́mú. Kò mẹ́nu ba abẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì jọ padà sọ́dọ̀ Dókítà Hadassah. Dókítà kò bá a wí. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́mú, ó tẹ̀ ẹ́ ní abíyá, ó wo awọ tó pọ́n yẹn títí, ó sì ní kó lọ ya àwòrán nínú ẹ̀rọ òòfà ńlá kan tó wà nígboro. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà bi í bóyá irin wà lára rẹ̀. Sàídátù ní kò sí. Rótìmí ti sọ fún un pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni oògùn náà ń yòrò kúrò lára.

Nígbà tí wọ́n padà wá gba èsì, Dókítà Hadassah gbé àwòrán náà sójú iná. Ọmú ọ̀tún hàn kedere. Ti òsì, ihò dúdú ńlá kan ló wà níbẹ̀, bíi pé ẹnìkan da yíǹkì sí i.

“Màmá,” ó ní, “ta ló fi irin sí yín lọ́mú?”

Sàídátù wo ilẹ̀. “Ọmọ mi ni.”

Nùsírátù yí sí i, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. “Ọmọ yín wo?”

Ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà gbọ́ ọ dé òpin, ó sì ṣàlàyé. Ó ní oògùn onírin kì í ṣe irọ́. Lókè òkun, àwọn dókítà kan ń fi í wá ọ̀nà tí jẹjẹrẹ ń gbà lọ sí abíyá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń ṣe ní láàbù Rótìmí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ mú gbóná, kò tíì kọjá ara eku. Kò sẹ́ni tó fún un láṣẹ láti gún un sí ara èèyàn. Irin náà ṣì wà níbẹ̀, kò yòrò, ó sì ti bo ibi tí àwọn nílò láti rí jù lọ. Kò sí bí àwọn ṣe lè mọ ibi tí àrùn náà parí sí mọ́, nítorí náà gbogbo ọmú náà ni àwọn yóò gé, pẹ̀lú àwọn kókó abíyá. Ká ní ó wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni, kókó náà nìkan ni wọn ì bá yọ.

Àwọn eku inú àgò ni Sàídátù ń rò.

Nígbà tí wọ́n délé, Nùsírátù ní kó mú ìwé náà wá. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà sọ pé eku nìkan ni wọ́n ti dán oògùn náà wò lára rẹ̀. Ó sọ pé wọn kò ṣèlérí ìwòsàn. Ó sọ pé ìwádìí náà kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ ló wà níbẹ̀, tí Rótìmí sì fò ó nígbà tó ń kà á. Ní ìsàlẹ̀, Rótìmí ti fi bírò kọ nǹkan sí i. Nùsírátù fẹ́ ká ìwé náà nígbà tó débẹ̀.

“Kà á,” Sàídátù wí.

“Obìnrin. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Kò bá olùwádìí tan.”

“Tún un kà.”

“Kò bá olùwádìí tan, Màámi.”

Sàídátù dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Ẹkún tí kò sun nítorí àrùn, ó sun ún nítorí gbólóhùn yẹn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n gé ọmú náà.

Dókítà Hadassah ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ṣáájú ọjọ́ ìjókòó, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì wà nínú báńdéèjì, Dúrójaiyé ti Àbíjàn dé, òun àti Rótìmí jọ wá. Kùdírátù kò lè wá. Ó ní ojú ń ti òun. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, kò sì dìde.

“Pàdọ́ŋ, Ìyá Nùsírátù,” Dúrójaiyé wí, “ẹ jọ̀wọ́. Ilé la ti ń jẹ èèpo ìdí, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé. Ọmọ yín ni.”

Rótìmí ní òun kò fẹ́ pa á. Ó ní òun gbà tọkàntọkàn pé yóò ṣiṣẹ́, àwọn eku tí òun fún ní oògùn náà yè.

“Mo gbọ́,” Sàídátù wí. “Tí o bá gbà pé yóò ṣiṣẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú lo máa ń ní kí n wá?”

Rótìmí tẹ iwájú orí mọ́lẹ̀.

Ọkàn Sàídátù fẹ́ rọ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọ náà nílẹ̀, ibi tó máa ń fá fún un ní kékeré. Ó ti fẹ́ ní kó dìde, ni Dúrójaiyé bá fa ìwé kan yọ nínú àpò agbádá, pé kí Ìyá Nùsírátù kàn bá àwọn tẹ̀ka sí i, ìwé ìdáríjì lásán ni, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ̀ pé ìjà ti parí nílé. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yìí náà, Sàídátù bá ké sí Nùsírátù. Nùsírátù kà á jáde. Ìwé náà sọ pé Sàídátù mọ̀ pé eku nìkan ni wọ́n ti dán oògùn náà wò lára rẹ̀. Ó sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Rótìmí, pé Rótìmí kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé òun ló fi ẹkún àti ọmú tí òun fún un mú un.

“Ta ló kọ ọ́?” Sàídátù bi Dúrójaiyé.

Dúrójaiyé ní òun rò pé ìdáríjì ni. Ó jọ pé òótọ́ ló ń sọ, nítorí ojú rẹ̀ yí padà. Rótìmí ṣì dọ̀bálẹ̀.

“Ìwọ lo kọ ọ́, Rótìmí?”

“Èmi ni, Màámi.”

Sàídátù fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ báńdéèjì mú, ó dìde. Ó kí Dúrójaiyé pé ẹ kú ìrìn, ó ní oúnjẹ wà, ó sì wọlé lọ.

Ní ọjọ́ ìjókòó, ọmọ ìgbìmọ̀ márùn-ún ló wà nídìí tábìlì. Nùsírátù ló ń túmọ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ti Rótìmí. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ní aláìsàn náà ló wá bá òun, ó ń bẹ̀bẹ̀, ìyá àgbà ni, òun kò sì lè kọ̀ fún un nítorí ó tọ́ òun dàgbà. Sàídátù gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀ ní Yorùbá, nítorí Rótìmí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ yí i sí Yorùbá níbẹ̀, bíi pé òun gan-an ló fẹ́ kó gbọ́.

Alága gbé ìwé olójú méjì náà sókè. Ó bi Rótìmí bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

“O kọ ọ́ síbí pé kò bá ọ tan. O tún ń sọ pé ó tọ́ ọ dàgbà. Èwo ni ká mú?”

Rótìmí wo ìwé náà, ó wo Sàídátù.

“Ìyá mi ni wọ́n,” ó wí.

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ jù lọ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó kan Sàídátù, kò pẹ́ lórí ìdúró. Ó ní òun kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ì bá ti gbà, ká ní ọmọ náà sọ òtítọ́ fún òun pé eku nìkan ni wọ́n ti dán an wò lára rẹ̀, pé kí òun kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yọ kókó, kí wọ́n wá fi ara òun kọ́ ohun tó bá kù. “N kò ní fi ara mi dù ú,” ó wí. “Kò bi mí ni.”

Wọ́n lé Rótìmí kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ti láàbù pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèṣọlá, àgbàlagbà tó ń darí iṣẹ́ náà, wá bá Sàídátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ Rótìmí, kò sì mọ ohun tó ń fi í ṣe. Ó ṣí fìlà, ó tọrọ àforíjì. Sàídátù bi í bóyá oògùn onírin yìí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

“Mo rò bẹ́ẹ̀, Màmá,” ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí. “Kì í ṣe ní kíákíá. Èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí sì tún ti dá wa padà sẹ́yìn.”

Ìyẹn gan-an ló dun Sàídátù. Ká ní ayédèrú oògùn ni, ì bá mọ ibi tí yóò gbé ìbínú rẹ̀ kà. Oògùn náà ní láárí, ọmọ òun ni kò ní.

Ó lo oògùn jẹjẹrẹ fún oṣù mẹ́fà. Irun rẹ̀ re, ó tún hù. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Àbíjàn sọ fún un, láìmọ̀ pé kò gbọ́, pé òun gbé Rótìmí àti bàbá rẹ̀ sọdá bodè. Rótìmí kò wá dágbére.

Ní oṣù tó kọjá, ó lọ fún àyẹ̀wò, Dókítà Hadassah sì sọ fún un pé òun kò rí nǹkan tuntun, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó wọkọ̀ padà ní Ẹ̀jìgbò. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ jókòó tì í, ọ̀rọ̀ sì dé lẹ́nu wọn. Obìnrin náà bi í pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Látọjọ́ tó ti ń dá ìbéèrè yìí lóhùn, márùn-ún ló máa ń sọ, mẹ́rin tó bí àti Rótìmí.

“Mẹ́rin ni,” Sàídátù wí.

Obìnrin náà ní Ọlọ́run á dá wọn sí. Ọkọ̀ ń lọ. Sàídátù ń wo oko ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó fi máa yíjú padà láti tún un sọ pé márùn-ún ni, obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn ló ti jókòó síbẹ̀.